Fódà Mẹ́rin, Ìdí-Igi Márùn-ún

Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù náà sí wá bá mi n'Ígàńdò, wọ́n fi okùn ọ̀rá so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ olórí ẹbí wa ló ń fi í kọ áàpù ẹbí, kó tó jápa lọ sí Kánádà láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni mo tún kù nínú ẹbí náà tó mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní kóòdù, ni wọ́n bá gbé e wá sọ sí mi lọ́rùn. Wọn ò tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ wẹ́ẹ̀bù fún àwọn ilé ìwé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, mo sì rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí fódà áàpù yẹn, orí mi dàrú. Nínú áàpù tí mo máa ń kọ, ọ̀tọ̀ ni ibi tí kóòdù ń gbé, ọ̀tọ̀ sì ni dátábéèsì, ìyẹn ibi tí a ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú dátábéèsì gan-an ni ọ̀gbẹ́ni yìí gbé áàpù náà wọ̀. Orúkọ àwọn ẹbí, àwòrán ìwé ilẹ̀, àti kóòdù tó ń fi gbogbo rẹ̀ han ènìyàn, inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Fódà mẹ́rin àti fáìlì kékeré kan péré ló wà lórí láptọ́ọ̀pù. Fódà tó ń jẹ́ `_attachments` ni àwòrán àti ojú ìwé àkọ́kọ́ wà. `views` ló ń to àkọsílẹ̀ bó ṣe yẹ kó tò. `lists` ló ń kó ọ̀pọ̀ orúkọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, `shows` sì ń fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn. Fáìlì kékeré náà, `_id`, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí dátábéèsì fi ń dá áàpù náà mọ̀. Tí mo bá ti tẹ àṣẹ kan báyìí, gbogbo wọn á ká jọ di ìwé kan ṣoṣo, wọ́n á sì wọ inú dátábéèsì lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èyí tó yé mi, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì ni mo sì fi bú ẹni tó wà ní Kánádà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ áàpù yìí ká lára jù lọ kò lè ṣí i fúnra rẹ̀. Màmá mi ni.

Ọmọ ìyàwó karùn-ún ni màmá mi nílé bàbá wọn. Ìdí-igi ni ẹbí náà fi ń pín gbogbo nǹkan, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyá kan á kóra wọn jọ sábẹ́ orúkọ ìyá wọn, ìyá kan, ìpín kan. Ìdí-igi mẹ́rin ni wọ́n sì ń kà. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ọbàkan rẹ̀, sọ pé Mùsùlùmí òdodo ni bàbá àwọn, pé mẹ́rin sì ni Mùsùlùmí ń fẹ́. Màmá mi á ní nígbà tí wọ́n fẹ́ ìyá òun, ìyá kejì ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ìyá òun ló jẹ́ kí wọ́n tún pé mẹ́rin nílé, kí wọ́n kà á dáadáa. Wọ́n á ní ṣé ẹni tó kú kì í ṣe ìyàwó mọ́ ni. Wọ́n tún ní ìyá rẹ̀ kò sùn nínú agbolé rí, pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íkòtún ló ń gbé títí ó fi kú.

Lọ́dọọdún ni ẹbí ń ṣe àdúà fún bàbá wọn. Àlùfáà á pe orúkọ ìyàwó mẹ́rin, gbogbo èrò á ṣe àmín. Ẹ̀yìnkùlé ni màmá mi máa ń wà, níbi tó ti ń dín àkàrà sàráà, á sì máa ka orúkọ náà bí wọ́n ṣe ń pè é: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ó tán. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ló ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá nínú ẹbí náà ni kí wọ́n pe orúkọ ìyá òun níbi àdúà yẹn kí òun tó kú. Kò bèèrè ilẹ̀, kò bèèrè yàrá.

Láti ìgbà tí áàpù sì ti dé, orí fóònù ni àlùfáà ti ń ka orúkọ náà. Èmi sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń jáde. Nínú fódà `views`, ìlà kan wà tó to àwọn ìyá mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Mo sáré pe màmá mi wá sínú yàrá.

“Màmá, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Màá fi orúkọ ìyá yín sí i. Tó bá di ọjọ́ àdúà, àlùfáà á kàn kà á ni.”

“Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n mi á mọ̀?”

“Wọn ò ní mọ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ ọ.”

Ó wo láptọ́ọ̀pù náà, ó wò mí. “Ìwọ ọmọ yìí, ìyá mi kì í ṣe olè. O ò ní gbé e gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnu wọn ni kí wọ́n fi pè é.”

Inú bí mi gan-an. Mo ní ẹnu wọn yẹn ló ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣé ó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Màmá mi ní kí n lọ jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni olórí ẹbí pe ìpàdé. Òun ni àkọ́bí ìdí-igi àkọ́kọ́, ó sì ní àga tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí nínú pálọ̀ ilé ẹbí. Àga mẹ́ta yòókù jẹ́ ti àgbà ìdí-igi mẹ́ta tó kù: tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù l'Áyọ̀bọ̀, àti ẹni tó kéré jù nínú wọn, Aládùúrà tó wọ sùtánà funfun wá láìwọ bàtà. Èmi jókòó sórí àpótí. Màmá mi ń gbé omi tútù wọlé, ó ń kó ife òfìfo jáde.

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n gbọ́ pé ní apá Àgbàdo, ọmọ kan ta ilẹ̀ gbogbo ẹbí nítorí pé ọwọ́ òun nìkan ni ìwé wà. Ní tiwa, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Ìwé ilẹ̀ wa wà nínú àpótí irin tó ní àgádágodo mẹ́rin, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nílé. Bí ẹnì kan bá bínú kò wá, àpótí ò ní ṣí. Wọ́n wá fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí áàpù wà.

“Ọwọ́ mi ni, sà,” ni mo wí.

“Ìwọ nìkan?”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wọn nínú. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo dojú rẹ̀ kọ wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí fódà ṣe tò. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ní, “Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, fódà mẹ́rin ló wà níbẹ̀.”

“Mẹ́rin?” ni tíṣà bèèrè.

“Mẹ́rin, sà.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. “Alhamdulillah,” ni olórí ẹbí wí. “Ó ti pín ara ẹ̀.”

Mo sọ fún wọn pé kò ṣe é pín. Mo ní ara kan ni gbogbo rẹ̀, pé ohun tí fódà kan ń ṣe ni òmíràn ń gbára lé. Olórí ẹbí fi sùúrù gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ọmọ wa, ilẹ̀ náà, ara kan ni kí á tó pín in.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín fódà nìyẹn, láti orí àgbà wá sílẹ̀. Olórí ẹbí mú `_attachments`, nítorí pé àwòrán bàbá wọn wà níbẹ̀. Tíṣà mú `views`, ó ní orúkọ ẹ̀ ní àpọ́nlé. Ó wá kan onímọ búlọ́ọ̀kù. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ bí èyí tó kù ṣe tóbi tó fún òun. Mo ní `lists` tó kílóbáìtì mẹ́jọ, `shows` sì jẹ́ méjì.

“Kílóbáìtì méjì, ṣé ó tó ìdajì pulọ́ọ̀tì?”

“Kò rí bẹ́ẹ̀, sà.”

“Ó kéré sí i? Èmi lẹ fẹ́ kó o fún, àbí? Àbàtà ni!”

Aládùúrà ti yára gbé ọwọ́ lé `lists`, ó ní ẹ̀mí ti fi hàn án. Olórí ẹbí ní kí onímọ búlọ́ọ̀kù fara balẹ̀ jàre, pé `shows` kì í ṣe àbàtà, kọ́nà písì ni, ilẹ̀ igun tó máa ń wọ́n jù. Ọkùnrin náà tún tẹjú mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù, ó rí i pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni fódà náà wà lóòótọ́, ó sì gbà.

Wọ́n ra fláàṣì mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé. Mo ní màá ṣe kọ́pì fún kóówá wọn, kí ti orí láptọ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n fò dìde.

“Kọ́pì kẹ̀? Kọ́pì ni àwọn olè fi ń ta ilẹ̀! Gé e kúrò níbẹ̀, ká fojú wa rí i.”

Mo gé e lójú wọn, fódà kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n ń wo bó ṣe ń pòórá. Nígbà tí mo parí, fáìlì kékeré yẹn nìkan ló kù. Tíṣà ní kí ni ìyẹn. Mo ní orúkọ áàpù ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Olórí ẹbí rí màmá mi tó ń kó ife, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ fún àbúrò wa, kí òun náà má lọ sọ pé òun ò rí nǹkan gbà.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo yọ fláàṣì ògbólógbòó kan lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo gé fáìlì náà sínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbà. Ṣùgbọ́n màmá mi ti kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo yín lẹ rí i pé wọ́n fún mi nígbà ìpín o.”

Ó so ó mọ́ igun ìró rẹ̀, ó kó ife lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé ó ń fi àwàdà pa ẹ̀dùn rẹ̀ mọ́ra ni, ó sì dùn mí wọ inú eegun.

Ohun tó ya àwọn bàbá náà lẹ́nu ni pé áàpù ò kú. Wọ́n ń ṣí i lórí fóònù, ó ń ṣí. Kóówá wọn wá gbà pé fláàṣì tòun ló gbé e ró. Olórí ẹbí ti tirẹ̀ mọ́ inú àpótí irin. Tíṣà fi tirẹ̀ sínú fíríjì, ó ní ooru kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́. Onímọ búlọ́ọ̀kù fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára tirẹ̀ pé kì í ṣe títà, kí ará ìlú ṣọ́ra, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sára gbogbo ògiri tó ní l'Áyọ̀bọ̀. Aládùúrà gbé tirẹ̀ sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méje, ó sì ta òróró sí i.

Èmi mọ ìdí tí kò fi kú. Inú dátábéèsì ni áàpù wà ní gbogbo ìgbà yẹn, fódà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti orúkọ rẹ̀ pé síbẹ̀, kò dín rárá. Ohun tí wọ́n kó sínú fíríjì àti sórí pẹpẹ kò ju ibi tí a ti ń tún un ṣe lọ. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo nílò láti fi kó gbogbo rẹ̀ padà sórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ àdúà ni wàhálà dé. Ọjọ́ àdúà máa ń yí lọ́dọọdún, ti ọdún tó kọjá ló sì ṣì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ áàpù, ọ̀sẹ̀ kan ni ọjọ́ náà sì fi ṣáájú ti ọdún yìí. Àwọn èèyàn wa láti Òkè-Odò ṣí i kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì ń pè láti sọ pé ó mà ṣe o, pé àdúà ti kọjá kí àwọn tó mọ̀. Àwọn kan tó ti wà lọ́nà ti yí padà sílé. Olórí ẹbí pè mí, ó ń lọgun. Mo dé bẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un: tí mo bá fi fódà tí kò pé tún áàpù ṣe, ohun tí kò sí nínú fódà á kúrò nínú áàpù. Gbogbo fódà gbọ́dọ̀ wà lójú kan. Òótọ́ ni. Mi ò kàn sọ ìdajì òótọ́ tó kù ni.

Ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Inú pálọ̀ kún. Olórí ẹbí ní ká tò ó bí a ṣe pín in, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìyá wọn. Tí ó bá pe orúkọ, àgbà ibẹ̀ á dìde, á gbé fláàṣì fún mi. Ti tíṣà tutù, mo ní láti nù ún kí n tó kì í bọ láptọ́ọ̀pù. Ti Aládùúrà ń yọ̀ bọ̀rọ́ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n fódà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ààyè wọn, mo tún ọjọ́ náà ṣe, mo tẹ àṣẹ. Láptọ́ọ̀pù kọ̀. Ó ní òun ò mọ orúkọ ohun tí mo fẹ́ gbé wọlé.

“Orúkọ ẹ̀ dà?” ni olórí ẹbí bèèrè.

“Ẹ ti pín in, sà. Ẹ fún màmá mi.”

Wọ́n pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Ó wọlé pẹ̀lú ṣíbí àkàrà lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Fláàṣì ọwọ́ ẹ yẹn, gbé e wá kíá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn. Orúkọ ìyá wọn lẹ fi pe gbogbo àwọn tó gba ìpín kí wọ́n tó dìde. Èmi náà gba ìpín. Orúkọ ta lẹ fẹ́ fi pè mí?”

Tíṣà ń wo ilẹ̀. Fóònù kan ń dún lórí tábìlì, ẹlòmíràn ló tún fẹ́ bá wọn kẹ́dùn pé àdúà ti kọjá. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà nínú fáìlì tí gbogbo wọn ń dúró dè, mo sì mọ̀ ọ́n sórí. Mo lè tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Mo ká ọwọ́ mi lé àyà, mo jókòó sórí àpótí mi.

Onímọ búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é jàre! Àkàrà ń jóná!”

Olórí ẹbí wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló pè é, orúkọ ìyá màmá mi, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí láti ẹnu ẹnikẹ́ni àyàfi ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ìdí-igi rẹ̀ dìde. Màmá mi tú igun ìró rẹ̀, ó gbé fláàṣì lé mi lọ́wọ́, ó sì sáré padà sídìí àkàrà.

Mo bi olórí ẹbí bóyá kí n fi orúkọ náà kún `views`. Ó kanra mọ́ mi. “Kí lo tún ń bi mí? Ṣebí ó ti gba ìpín.” Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ìyá márùn-ún, mo tẹ àṣẹ, ó sì wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, àlùfáà gbé fóònù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Màmá mi kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó jókòó lórí ẹní níwájú. Àlùfáà ka mẹ́rin, gbogbo èrò ṣe àmín. Ó ka ìkarùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín, màmá mi na ọwọ́ sókè.

“Àlùfáà, ẹ dákun, mi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa.”

Ó tún un pè. Màmá mi gbé ọwọ́ sí etí, ó ní ariwo ti pọ̀ jù. Kò sí ariwo kankan. Olórí ẹbí mí kanlẹ̀, ó ní kí àlùfáà tún un pè sókè dáadáa, ó sì tún un pè. Ìgbà yẹn ni màmá mi wá ṣe àmín. Etí rẹ̀ kò di rí láyé.